Bàbá mi ní kò sí ìyà ní Rọ́ṣíà ayé ìgbà yẹn. Ta ló wá ń tò fún ọṣẹ?

Ọmọ_Òkè_Àdó
Sátidé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilé wa tó dàrú.

Bàbá mi kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Sófíẹ̀tì (Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó so mọ́ ọn nígbà náà) láti 1977 sí 1983, ìjọba wọn níbẹ̀ ló san gbogbo owó rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "ní Rọ́ṣíà tèmi". Bí iná bá lọ, "ní Rọ́ṣíà tèmi, ọdún mẹ́fà, iná ò ṣẹ́jú." Bí lánlọ́ọ̀dù bá fowó lé owó ilé, "ní Rọ́ṣíà tèmi, owó ilé ò tó owó sìgá." A ti mọ̀ ọ́n sórí débi pé àbúrò mi a máa bá a parí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ síbi òkú àgbà kan, wọ́n sì fi bàbá mi jókòó ti ọ̀gbẹ́ni kan tí òun náà kàwé níbẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ jẹ́ 1987 sí 1993. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi èdè Rọ́ṣíà ta ẹnà síra wọn, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Kò pẹ́, ìjà dé. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní òun tò fún wákàtí mẹ́rin nítorí ọṣẹ ìfọṣọ, àti pé ìwé pélébé ni wọ́n ń fún àwọn lóṣooṣù kí àwọn tó lè rí i rà. Bàbá mi fárí gá, ó ní irọ́ funfun báláú ni. Ìrẹsì tutù síwájú àwọn méjèèjì, ẹran orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé ibẹ̀, ta ló ń purọ́ nínú wọn?

Dókítà_Bódìjà
8:47 alẹ́

Kò sẹ́ni tó ń purọ́, ọmọ mi. Ẹni tó bá bàbá àgbà pàdé nígbà tó ṣì ń roko àti ẹni tó bá a lórí àkéte àìsàn, èèyàn kan náà ni wọ́n rí.

Kharkov ni mo wà, 1978 sí 1985. Ọdún kìíní, èdè nìkan. Ọdún mẹ́fà tó kù, iṣẹ́ ìṣègùn. Ìjọba ń fún àwa àjèjì ní 90 rúbù lóṣù, ọmọ onílẹ̀ tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì ń gba bí 40. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, kò lè rán mi dé yunifásítì Ìbàdàn tó wà nítòsí, áḿbọ̀sìbọ́sí ilẹ̀ òyìnbó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí n bú wọn, ó ti ṣì mí bi.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, 5 kópẹ́kì. Ọgọ́rùn-ún kópẹ́kì ló wà nínú rúbù kan. Láti 1961 títí wọ 1991, owó yẹn ò yẹ̀. Fóònù etí títì, 2 kópẹ́kì. Ẹ̀rọ kan wà ní ìgboro tó ń ta omi tó ń hó bíi ọtí ẹlẹ́rìndòdò: 1 kópẹ́kì fún èyí tí kò dùn, 3 fún èyí tó dùn. Ife kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò sì fi ń mu ún. O ó dojú ife dé, omi á ta sí i lábẹ́, o ó gbé e kanu. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mu ún fún ọdún méje, mo ṣì wà láyé.

Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ pé ìgbà wo ló rí ẹran tó wù ú rà lọ́jọ́ tó wù ú.

Nílé wa níbí, ọjà kún, owó ni ò sí. Lọ́hùn-ún, owó wà lápò, ọjà ni ò sí. Defitsit lorúkọ tí wọ́n ń pe ohun tó bá ti ṣọ̀wọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Lónìí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, lóṣù tó ń bọ̀ gílóòbù, lẹ́yìn ìyẹn abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ìdí nìyí tí gbogbo èèyàn fi ní àpò aláwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní avoska. "Avos" lédè wọn, "bóyá" ni. Àpò bóyá. Tó o bá ká a, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ; tó bá rí ẹrù, á yọ ikùn bí aláboyún. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ wa níṣẹ́ abẹ, tirẹ̀ wà nínú àpò kóòtù funfun rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fi ń gbọ́ àyà aláìsàn.

Bó o bá rí ìlà, kọ́kọ́ tò ná. Lẹ́yìn náà ni wàá wá bèèrè ohun tí wọ́n ń tà. Gbólóhùn tá a kọ́kọ́ mọ̀ kí a tó mọ "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" ni "Kto posledny?", ta ló kẹ́yìn? Ẹni náà á nawọ́, o ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. O lè sọ fún un pé ò ń bọ̀, kí o lọ tò síbòmíràn, ipò rẹ ò lè sọnù. Ìlà tó bá gùn ju ọjọ́ kan lọ, wọ́n á fi bírò kọ nọ́ńbà sí ọ lọ́wọ́.

Mo tò lọ́jọ́ kan nínú yìnyín, wákàtí méjì ó lé. Ìgbà tí mo dé iwájú ni mo rí i pé bàtà òtútù obìnrin ni, ẹyọ kan ló sì kù, sáìsì 35. Mo rà á. Ẹ má bi mí nídìí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi gba sítóòfù oníná lọ́wọ́ ìyá kan tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kéré.

Gbẹ̀dù_Ìjẹ̀bú
8:53 alẹ́

Sáìsì 35! Dókítà, ẹ kú ewu o 😂😂

Alájọ_Ṣómólú
9:05 alẹ́

Kí ni tuntun níbẹ̀? Ẹ ti gbàgbé essenco, ọjà kòṣeémánìí tí ìjọba ń pín. Ní 1984, ayé Buhari àti Idiagbon, èmi pẹ̀lú oyún oṣù méje tò fún mílíìkì àti ṣúgà, sójà ń fi kòbókò tọ́ wa sọ́nà. Ẹ ò ní láti wọ bàálù kí ẹ tó rí ìlà.

Dókítà_Bódìjà
9:31 alẹ́

Màmá, ẹ kú àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n tiwa wá, ó lọ. Tiwọn, ẹni tí wọ́n bí sórí ìlà ló tún bímọ sórí ìlà.

Ìyàtọ̀ kan tún wà. Lásìkò essenco, alájì tó bá lówó á gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n á gbé páálí fún un. Lọ́hùn-ún, owó nìkan ò ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo-mọ̀-ọ́-o-mọ̀-mí ló ń ṣí i. Blat ni wọ́n ń pè é. Ẹlẹ́ran á gé ibi tó dáa pamọ́ sábẹ́ káńtà fún dókítà eyín. Dókítà eyín á tọ́jú ìyá ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tíátà. Onítíkẹ́ẹ̀tì á fi ìjókòó méjì sílẹ̀ fún ẹlẹ́ran. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin tí àwọn gómìnà ẹkùn ń dọ̀bálẹ̀ fún nítorí ọ̀bẹ rẹ̀, mo fojú mi rí i tó ń yọ fìlà fún ọmọbìnrin tó ń ta ẹran. Ọmọ ogún ọdún. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa Yuri Sokolov, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Yeliseyevsky ní Moscow. Ohun tí kò sí níbòmíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ńláńlá ìlú sì ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Ní 1982 wọ́n mú un fún àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní 1984 wọ́n yìnbọn pa á. Àwọn tó ti jẹ ẹja rẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Àlọ́_Àpamọ̀
9:40 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi àlọ́ tiwọn kan bù sí i, ẹ̀gbọ́n mi tó gbé ibẹ̀ ló máa ń pa á fún wa. Ààlọ́ o! Ó gùn, àwọ̀ ewé ló ní, ó ń rùn bíi sọ́séèjì. Kí ni o?

Gbẹ̀dù_Ìjẹ̀bú
9:42 alẹ́

Ejò tó gbé sọ́séèjì mì.

Àlọ́_Àpamọ̀
9:44 alẹ́

Rárá. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Moscow bọ̀! Moscow ni wọ́n ń kó oúnjẹ lọ jù, nítorí náà lópin ọ̀sẹ̀ àwọn ará ìlú tó yí i ká á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ra ẹran tí wọ́n ti ìlú tiwọn gan-an kó lọ síbẹ̀.

Òótọ́_Korò
10:18 alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí Dókítà ń kọ, ó dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Àlejò ni yín. Ẹ̀yin lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin apá ìwọ̀ oòrùn nígbà ọlidé, kí ẹ padà. Ọmọ onílẹ̀ ò lè lọ. Kódà nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò lè kó lọ sí Moscow lásán, àfi tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ propiska sínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ pé ilé báyìí ni kó máa gbé. Àgbẹ̀ inú oko àjọni ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìwé ìdánimọ̀ náà rárá, ọdún 1974 ni ìjọba tó pinnu pé kí wọ́n máa fún wọn. Àgbẹ̀! Nílẹ̀ tí wọ́n ya dòjé sára àsíá!

Ẹni tí kò bá sì níṣẹ́ tí ìjọba mọ̀, ọ̀daràn ni. Joseph Brodsky, akéwì, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1964 pé ọ̀lẹ tó ń jẹ lára ìlú ni. Ó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987.

Ẹ má sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jíìnsì. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980 síwájú, bíi 170 rúbù. Jíìnsì kan ní ẹ̀yìn ilé, 150 sí 200. Ta ló ń kó jíìnsì yẹn wọlé? Dókítà, ẹ dá mi lóhùn.

Dókítà_Bódìjà
10:36 alẹ́

Àwa ni. Mo kó mẹ́rin wọlé ní 1981, mo wọ wọ́n léra wọn kọjá bọ́dà nínú oṣù kẹjọ, oòrùn ń ràn. Owó rẹ̀ ni mo fi ra kámẹ́rà tó ya gbogbo fọ́tò ìgbà náà tí mo ní. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ lórí ìwé ilé, o gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà ní kíláàsì, ará Leningrad, mo lọ kí wọn nílé. Ẹ mọ ilé fésì-mí-áì-fésì-yú? Òun gan-an ni, àmọ́ nínú ilé ọlọ́lá ayé àtijọ́ tí àjà rẹ̀ ga fíofío. Ìdílé márùn-ún, kìṣìnì kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí: tẹ aago lẹ́ẹ̀kan fún ìdílé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta fún tọ̀hún. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gílóòbù márùn-ún ló rọ̀, kálukú pẹ̀lú bọ́tìnì tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi iná ẹnìkan ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ìjókòó ṣálángá pẹ̀lú, kálukú fi ìṣó kọ́ tirẹ̀ sára ògiri.

Tọkọtaya kan wà nínú wọn tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Wọ́n ṣì jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, aṣọ ni wọ́n ta sí àárín, torí pé ẹni tó bá jáde, kò sí ibi tó ń lọ. Ọkọ ti ń fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyáwó tuntun ń wá kí i, ìyàwó àná á fi omi tíì kaná fún un.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
11:20 alẹ́

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ìlà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ta ló pọ̀ jù lórí ìlà náà? Obìnrin. Á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ bíi ti ọkùnrin, á tò nígbà tó ń bọ̀, á gbé avoska lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì gun àjà karùn-ún torí ilé ayé Khrushchev, olórí wọn nígbà kan, ò ní ẹ̀rọ ìgbéniròkè, á dáná, á fọṣọ lọ́wọ́. Ọkọ wà níwájú tẹlifíṣàn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, wọ́n á fún un ní òdòdó nítorí ọjọ́ àwọn obìnrin, ó parí.

Kiev ni mo ti kọ́ iṣẹ́ apòògùn, 1983 sí 1989. Òwú tí obìnrin ń lò lóṣooṣù, defitsit. Èyí tó tún burú jù ni oògùn àti rọ́bà ìfètòsọ́mọbíbí: èyí tó dáa ò sí, nítorí náà oyún ṣíṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń fètò sí ọmọ. Òfin gbà á, ọsibítù ń ṣe é, wọ́n ń tò fún ìyẹn náà. Aládùúgbò mi ka tirẹ̀ fún mi lórí ìka, ó kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ìkejì.

Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ìbejì mi sí ní 1987. Wọn kì í jẹ́ kí bàbá ọmọ wọlé, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Àwọn ọkọ a máa dúró nínú yìnyín nísàlẹ̀, wọ́n á máa pariwo orúkọ ìyàwó wọn. Mo so òwú ìránṣọ mọ́ra, mo jù ú sílẹ̀ láti fèrèsé àjà kẹta, ọkọ mi so lẹ́tà àti ápù méjì mọ́ ọn, mo fà á sókè. Ápù kan já bọ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù dárò rẹ̀.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni Chernobyl, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó bú gbàmù. 26 oṣù kẹrin 1986, Sátidé ni. Bí Ìbàdàn sí Èkó ló jìnnà sí wa. Sọ́ńdè, wọ́n ti fi bọ́ọ̀sì kó gbogbo ará Pripyat, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jáde, nǹkan bí 49,000 èèyàn, àwa ò gbọ́ nǹkan kan. Alẹ́ Mọ́ńdè, tẹlifíṣàn ka gbólóhùn bíi mélòó kan pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń bójú tó o, ó bọ́ sórí ìròyìn mìíràn. Mo ní rédíò kékeré tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kọ́múníìsì ni, ó ní ọ̀tá ló ń parọ́ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún wọ́n tú àwọn ọmọdé jáde pẹ̀lú bàlúùnù àti òdòdó, wọ́n yan kọjá ní títì Khreshchatyk. Òun náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ọkọ̀ olómi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ títì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, kò dá wọn dúró. Ibùdókọ̀ ojú irin kún fọ́fọ́, àwọn ìyá ń ti ọmọ gba fèrèsé wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹni tá a jọ ń gbé yàrá náà bá mi lórí ibùsùn mi. Kò sọ nǹkan kan. Ó nawọ́ pé kí n gbé rédíò náà wá.

Ọmọ_Òkè_Àdó
Sọ́ńdè, 6:50 àárọ̀

Mo ka èyí lóru, mi ò lè sùn mọ́. Ẹ ṣé, mà.

Kọ̀ǹpútà_Boy
7:15 àárọ̀

Ìbéèrè ọmọdé: bí ẹran bá wọ́n, tí owó sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí ló dé tí ìjọba ò fi fowó lé e? Ìlà á kúrú, àgbẹ̀ á rí owó, ó tán.

Tíṣà_Ìṣúná
8:02 àárọ̀

Kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé. Wọ́n dán an wò. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 1962, Khrushchev fowó lé ẹran àti bọ́tà. Ní Novocherkassk, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde sí títì. Lọ́jọ́ kejì àwọn sójà yìnbọn sí wọn, ó ju ogún èèyàn tó kú, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rù owó oúnjẹ ń ba àwọn olórí ju ẹ̀rù Amẹ́ríkà lọ. Wọ́n fi owó ọjà sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n ń fi owó ìjọba bo ohun tó ṣẹ́ kù mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì pọ́ọ́kú débi pé àgbẹ̀ ń rà á fún ẹlẹ́dẹ̀.

Níbo lowó náà ti ń wá? Epo rọ̀bì. (Ọmọ Nàìjíríà, má ṣe bẹ́ẹ̀ wò mí.) Wọ́n ń ta epo, wọ́n ń fi owó rẹ̀ ra àlìkámà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà, ilẹ̀ tó gbòòrò jù láyé ń ra ọkà. Ní 1986 owó epo já walẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá kan wà níbẹ̀ ṣáájú àsìkò náà, tí ẹnì kejì wá dé lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí ìjà ìrẹsì yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyókù, ọ̀rọ̀ ètò ni. Moscow ló ń sọ fún ilé iṣẹ́ iye tí yóò ṣe, wọ́n sì lè fi ìwọ̀n kílò kà á. Khrushchev fúnra rẹ̀ ráhùn pé àwọn tó ń ṣe iná àjà ń ṣe é wúwo gan-an, torí kílò ni wọ́n fi ń sanwó ìdùnnú fún wọn, àjà ń já lé èèyàn lórí. Oníbàárà ò sí nínú ìṣirò. Òṣìṣẹ́ pẹ̀lú mọ̀ ọ́n, wọ́n ní, "Wọ́n ń ṣe bí ẹni ń sanwó fún wa, àwa náà ń ṣe bí ẹni ń ṣiṣẹ́."

Bucharest_86
9:10 àárọ̀

Ẹ̀yin ará Sófíẹ̀tì, ẹ dúpẹ́. Romania lèmi wà. Ceausescu, olórí wọn, ní òun fẹ́ san gbogbo gbèsè ilẹ̀ òkèèrè tán, ó sì san án, 1989 ló parí, oúnjẹ àwọn èèyàn ló fi san án. Ẹran ń lọ sókè òkun, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ la ń rí. Tẹlifíṣàn, wákàtí méjì lálẹ́, òun gan-an ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kóòtù la fi ń sùn nínú ilé. Owó gidi ni sìgá Kent. Kò sẹ́ni tó ń mu ún. Dókítà gba páálí rẹ̀, ó fún ẹlẹ́ran, ẹlẹ́ran fún mẹkáníìkì. Mo rí páálí kan tí ó ti gbó, mo gbà pé ó ti yí ìlú náà ká ju èmi lọ.

Alábòójútó
9:25 àárọ̀

Mo ti pa ìfèsì mẹ́rin rẹ́. Ogun Yukréènì ìsinsìnyí ní ojú ewé tirẹ̀, ẹ lọ jà á níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayé ìgbà yẹn là ń sọ níbí.

Awo_Méjì
10:05 àárọ̀

Mo máa ń lọ kí àwọn ọmọ Lukumí wa, ìran Yorùbá ní Kúbà, ní Havana. Ìwé kékeré tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ, libreta, láti 1962 ló ti wà. Láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá kí wọn, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni "resolver": mò ń lọ wá ọ̀nà àbáyọ. Mo-mọ̀-ọ́-o-mọ̀-mí ti Dókítà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n tilẹ̀ fi ṣeré: "socio" lédè wọn ni ọ̀rẹ́, nítorí náà wọ́n ní sociolismo ni àwọn ń ṣe. Nígbà tí Sófíẹ̀tì wó ní 1991, epo tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ já walẹ̀ gan-an, kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ṣáínà ni gbogbo ìlú ń gùn. Babaláwo àgbà kan sọ fún mi pé nígbà yẹn, àwọn ń ṣàlàyé fún òrìṣà kí àwọn tó bọ ọ́: adìyẹ ò sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gba àgbọn.

Ọ̀ọ̀ni Sijuwade lọ síbẹ̀ ní 1987, nígbà tí onísìn kankan ò tíì lè wọ ẹgbẹ́ ìjọba wọn. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ bí àná.

Ẹni_Ọlọ́ṣẹ
12:40 ọ̀sán

Èmi ni ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n ń sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ojú ewé yìí hàn mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi kí bàbá yín, ẹ sọ fún wọn pé mi ò purọ́ ọṣẹ.

Voronezh ni mo wà. Bó ṣe rí nìyí: oṣù karùn-ún 1985, Gorbachev, olórí wọn nígbà náà, gbógun ti ọtí. Ṣọ́ọ̀bù ò gbọdọ̀ ta á kí aago méjì ọ̀sán tó lù, wọ́n ń hú igi àjàrà. Kò burú, ọkùnrin ń kú ní kékeré nítorí ọtí lóòótọ́. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n ń pọn ògógóró tiwọn nínú kìṣìnì. Ṣúgà tán lọ́jà. Wọ́n gbé ìwé ìgbaṣúgà jáde. Ohun tí ìwé bá ti wọ̀, kálukú á kó o pamọ́. Lẹ́yìn ṣúgà, ọṣẹ. Ní oṣù keje 1989, àwọn awakùsà Kuzbass da iṣẹ́ sílẹ̀, ọṣẹ wà lára ohun tí wọ́n béèrè! Ẹni tó ń jáde nínú kòtò èédú kò rí ọṣẹ wẹ̀. Ṣé àwọn náà purọ́?

Ìyá àgbà kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àlùbọ́sà wo ikọ́. Ó ní owó ìsìnkú rẹ̀ ní báǹkì, 1,800 rúbù, ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi kó o jọ. Ó ti kà á fún mi, ohun tí owó náà máa rà: pósí, òkúta, fódíkà fún àwọn tó gbẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní 1991, ìjọba kéde lálẹ́ pé owó 50 àti 100 rúbù ò ní í ná mọ́, ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Tirẹ̀ yè, báǹkì ló wà. Ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1992, wọ́n tú owó ọjà sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, sọ́séèjì, wàràkàṣì, ọṣẹ olóòórùn dídùn, gbogbo rẹ̀ padà sórí káńtà. Kò sí ìlà. Mo dúró pẹ̀lú ìyá yìí níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn, ètè rẹ̀ ń mì. Kí ọdún yẹn tó parí, owó ìsìnkú rẹ̀ ò lè ra sọ́séèjì kílò mẹ́wàá.

Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, nílé yín, báwo ni wọ́n ṣe ń sin arúgbó?"

Dókítà_Bódìjà
1:15 ọ̀sán

Àbúrò, o ti sọ èyí tí mi ò rí. Mo ti kúrò níbẹ̀.

Òótọ́_Korò
1:22 ọ̀sán

Kí lẹ sọ fún un?

Ẹni_Ọlọ́ṣẹ
1:30 ọ̀sán

Mo ní àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń sin ín. Kò ní ọmọ. Ogun ló pa ẹni tí ì bá fẹ́ ẹ.

Ọmọ_Òkè_Àdó
7:44 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi lẹ́yìn oúnjẹ, láti òkè délẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé ibi bàtà 35, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi ìyá àgbà, ó ní kí n dúró ná.

Ó dìde lọ sí kìṣìnì. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọ̀n kan wà tí màmá mi fi ń kó àlùbọ́sà rọ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti wà níbẹ̀. Èmi rò pé ọjà Bódìjà ni wọ́n ti rà á. Bàbá mi da àlùbọ́sà inú rẹ̀ sílẹ̀, màmá ń pariwo. Ó gbé e wá, ó ká a kékeré, kékeré, títí ó fi wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa ọwọ́ dé.

Ó ní kí n gba nọ́ńbà ọ̀gbẹ́ni yẹn.

Dókítà_Bódìjà
7:51 alẹ́

Àwọ̀ wo ni?

Ọmọ_Òkè_Àdó
7:52 alẹ́

Búlúù, sà. Ó ti ń ṣá.